Òwàwà àti Igbá Irun Asín

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn òkè ṣì ń kọ́ ìdúró, Òwàwà kì í gun igi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mò ń sọ. Ilẹ̀ ló ń gbé bí ẹ̀yin àti èmi. Ọ̀sán ló ń rìn. Ohun tó bá rí ló ń jẹ: iṣu, àgbàdo, èso, ewé. Bí ẹ bá gbàgbé ẹ̀kọ sẹ́yìnkùlé tí ẹ kò bá a mọ́, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ síbi tó jìnnà. Kì í sì í pariwo rárá. Bó bá fẹ́ kí yín láàárọ̀, ẹ ní láti tẹ́tí dáadáa kí ẹ tó gbọ́.

Ẹni tí kò bá tíì rí Òwàwà rí, kó fojú inú wo ẹranko kan tí kò ju ajá kékeré lọ, onírun púpọ̀, tí kò ní ìrù rárá. Eyín méjì gùn jáde lókè ẹnu rẹ̀. Èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mú ṣóńṣó bíi ti ológbò. Ó tẹ́, ó sì nípọn, bíi pátákò kéékèèké.

Òun àti ìyàwó rẹ̀, Àríyikẹ́, kì í ṣe ọmọ bíbí Igbó Alárè tí wọ́n ń gbé. Àgbàrá ọdún kan ló gbé wọn wá nígbà tí wọ́n wà ní ìkókó, kálukú lórí ìtì igi tirẹ̀. Wọn kò mọ ìyá, wọn kò mọ bàbá. Ibi tí omi já wọn sí ni wọ́n dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní àwo, wọ́n ní ẹní. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò ní ni oríkì.

Nǹkan ńlá sì ni oríkì ní Igbó Alárè. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, pẹ̀lú èèwọ̀ tó ń bá a rìn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ọmọ wọn, gbogbo igbó á máa ró. Ẹnikẹ́ni kì í ki ọmọ ilé kejì, nítorí oríkì kì í ṣe aṣọ tí a ń yá wọ̀. Bí àwọn yòókù bá ti ń ki ara wọn, Òwàwà àti Àríyikẹ́ á mú ìgbálẹ̀, wọ́n á máa gbálẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ń dùn wọ́n gan-an.

Nígbà tó yá, Àríyikẹ́ lóyún. Oyún náà pẹ́. Ìyàwó Ọ̀yà tí wọ́n jọ lóyún bímọ, ó já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó tún lóyún mìíràn, Àríyikẹ́ ṣì ń gbé tirẹ̀ kiri. Àwọn obìnrin ń bi í léèrè bóyá òkúta ló gbé mì. Nígbà tó sì bí i tán, ọmọ náà lajú lọ́jọ́ náà gan-an, ó dìde dúró, ó ń wo igun ilé kọ̀ọ̀kan bíi wolé-wolé.

Ọmọ dé, orúkọ kò dé. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo wá ni Òwàwà fẹ́ wò? Nígbà tí wọn kò rí ohun tí wọn ó pè é, wọ́n ń pè é ní Ìwọ. "Ìwọ, máa bọ̀." "Ìwọ, fi ìyẹn sílẹ̀." Báyìí ni wọ́n ń fà á títí ọ̀dá fi dé.

Ọ̀dá ọdún náà kò ṣe é fẹnu sọ. Odò gbẹ, ọ̀gọ̀dọ̀ gbẹ, ìkarahun ìgbín gbẹ mọ́ ìgbín lára. Ìsun kan ṣoṣo ló kù tí omi ṣì ń sun níbẹ̀. Àìgbẹ lorúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà igbó wá ṣe òfin kí àlejò má bàa wá mu omi náà tán: ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá kì létí ìsun ni yóò mu, ẹni tí a kò bá kì, kó máa lọ. Wọ́n fi Ẹfọ̀n ṣọ́ ibẹ̀. Ẹfọ̀n kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wọ orí rẹ̀, kì í jáde mọ́.

Àríyikẹ́ pọn Ìwọ sẹ́yìn, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá Ẹfọ̀n," ni Òwàwà wí, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó dà bíi ti ẹ̀fọn.

"Òo. Ta ni yóò kì yín?"

"A kò tíì mọ̀ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n òǹgbẹ ń gbẹ ọmọ."

"Mo rí i pé òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Ta ni yóò kì yín?"

"Bàbá, ẹ kúkú mọ̀ wá. Ẹnu ọ̀nà yín la ń gbà kọjá lójoojúmọ́."

"Mo mọ̀ yín dáadáa. Òwàwà ni ọ́, Àríyikẹ́ nìyàwó rẹ. Ìkíni rẹ kì í lọ sókè, ṣùgbọ́n ò ń kíni. Ta ni yóò kì yín?"

Wọ́n padà sílé. Ìrì orí ewé ni wọ́n ń gbọ̀n sí ọmọ lẹ́nu láàárọ̀, oòrùn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n rí i gbọ̀n tó. Ètè Ìwọ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Kò tilẹ̀ sunkún. Ó kàn ń wo ìyá rẹ̀ lójú, ìyẹn gan-an ló sì ba Àríyikẹ́ lẹ́rù jù.

"Bàbá Ìwọ," ló wí fún ọkọ rẹ̀, "dìde. Jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Asín."

Asín ni ọ̀mọ̀ràn tó ń fi irun wá ìdílé ẹni. Ó ní igbá ńlá kan tó kún fún irun. Ó ti lọ láti ilé dé ilé, ó gba irun díẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kọ̀ọ̀kan, ó fi òwú dì í lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹni tí kò mọ orísun rẹ̀ bá dé, Asín á fa irun kan lára rẹ̀, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irun inú igbá lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa gbóòórùn wọn. Àwọn tí òórùn wọn bá jọra, ìbátan ni wọ́n. Iṣẹ́ gidi ni o, kì í ṣe ẹ̀tàn. Imú Asín mú ju abẹ lọ. Àléébù kan ló wà níbẹ̀, ẹ ó sì rí i láìpẹ́.

"Ẹ jókòó," ni Asín wí. "Ẹ má fọwọ́ kan igbá."

Ó fa irun kan lára Òwàwà. "Yéè," ni Òwàwà wí. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé Asín rò pé kò dùn ún, ló bá tún fa òmíràn.

Asín gbé irun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ehoro. Fíìn, fíìn. Ó mi orí. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ológbò. Ó sín. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Òkété, ó dúró, ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ẹn-ẹ́n."

Àríyikẹ́ kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá Asín, eyín wa tó yọ síta yìí ńkọ́?"

"Ṣé eyín ni mo ní kí ẹ mú wá àbí irun?"

"Èékánná wa náà kò jọ ti àwọn yòókù."

"Èmi kì í fi èékánná ṣiṣẹ́."

"Oyún mi pẹ́ ju ti gbogbo èèyàn lọ."

"Bóyá ìwọ ni kò mọ oṣù kà," ni Asín wí, ó sì tún ti imú bọ igbá. Ojú tí Àríyikẹ́ fi wò ó, bí ó bá jẹ́ iná ni, irun inú igbá yẹn ì bá ti jóná tán.

Òwàwà rọra béèrè pé, "Bàbá, ṣé gbogbo ìdílé tó wà láyé ló wà nínú igbá yín?"

Asín wúkọ́ díẹ̀. "Gbogbo àwọn tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Òwàwà kò bi í ní ìbéèrè mìíràn. Ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ ọmọ rẹ̀ kì í dúró yẹ igbá wò.

Nígbà tí Asín gbóòórùn tán, ó mú obì àbàtà kan tó ní awẹ́ mẹ́rin, ó là á sórí ewé. "Ẹ wò ó. Bí obì yìí bá jẹ́ ìwọ Òwàwà, awẹ́ méjì jẹ́ ti ìdílé Òkété. Awẹ́ kan jẹ́ ti Ọ̀kẹ́rẹ́. Awẹ́ kan tó kù, ti Ọ̀yà ni. Bákan náà sì ni irun ìyàwó rẹ rí."

"Ṣé ó dá yín lójú, bàbá?"

"Bí imú mi ṣe dá mi lójú. Ẹ jẹ obì náà, kí ọ̀rọ̀ lè wọlé."

Wọ́n jẹ ẹ́. Òwàwà ń sunkún ayọ̀. Ẹni tí kò ní ìdílé kankan láàárọ̀ ti ní mẹ́ta kí oòrùn tó kàtàrí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ẹ gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan síwájú ẹni tí kò rí èso ilẹ̀ mìíràn rí ju iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo lọ. Ẹ ní kó sọ ìbátan rẹ̀ fún yín. Kò ní sọ pé òun kò mọ̀ o. Yóò ní ara rẹ̀ rí gbákugbàku bíi ti iṣu, ó pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ní ewé lórí bí àgbàdo, nítorí náà ọmọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Kò purọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Asín ṣe wọn Òwàwà.

Ilé Òkété ni tọkọtaya náà kọ́kọ́ lọ. Baálé Òkété yọ orí jáde nínú ihò, ó ń di ojú pọ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀.

"Awẹ́ méjì? Ìyẹn mà pọ̀ o! Ẹ káàbọ̀ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èèwọ̀ wa. Oòrùn kò gbọdọ̀ rí ẹ̀yìn wa. Inú ihò la ń sùn, bí oòrùn bá wọ̀ la ń jáde. Ṣé ẹ gbà?"

Wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n ní àwọn gbà.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó wà lókè, ó ń fi ìrù júwe bó ti ń sọ̀rọ̀. "Awẹ́ kan péré? Ó dáa, awẹ́ kan náà, ẹbí ni. Èèwọ̀ ilé wa ni kí a fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn. Orí igi nìkan! Ó yá, máa gùn ún bọ̀, jẹ́ kí n wò ọ́."

Òwàwà gùn ún, ó já bọ́. Ó tún gùn ún, ó tún já bọ́. Nígbà tó fi máa gbé orí sókè, Ìwọ ti wà lórí ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ń wo bàbá rẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀ níbẹ̀ náà, Òwàwà nìkan ló sì fi gbogbo ara kàn án.

Ó wá ku Ọ̀yà. Ọ̀yà ní, "Ìdílé mímọ́ ni wá. A kì í jẹ ohun tí kò bá jẹ́ ewé."

"Iṣu ńkọ́, bàbá?"

"Èèwọ̀!"

"Àgbàdo?"

"Háà! Ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Èèwọ̀!"

Ẹ̀yin tí bàbá yín ní oko àgbàdo, tí ẹ sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́wọ́ Ọ̀yà, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn mi. Òwàwà mí kanlẹ̀. Ó rántí iṣu. Ó rántí ẹ̀kọ ẹ̀yìnkùlé. Ó wo ètè ọmọ rẹ̀ tó là, ó sì fọwọ́ kan ilẹ̀.

Èèwọ̀ kan tún wà tó pa ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nítorí àwọn ọdẹ, ọmọ ilé wọn kankan kò gbọdọ̀ gbé ohùn sókè. Òwàwà ní ìyẹn kò nira. Òun kò tilẹ̀ ní ohùn tí òun fẹ́ gbé.

Nígbà tí wọ́n délé, ọ̀rọ̀ dojú rú. Òkété ní inú ihò, Ọ̀kẹ́rẹ́ ní orí igi. Òwàwà jókòó, ó dijú, ó ní orí ń fọ́ òun. Àríyikẹ́ ló rìn yí ká, tó rí igi àràbà ńlá kan tó ní ihò lókè lára.

"Bàbá Ìwọ, ta ló ní inú ilẹ̀ nìkan ni ihò ń wà?"

Bí wọ́n ṣe kó ẹní àti àwo wọn sínú ihò igi nìyẹn.

Ohun tó kù ni oríkì, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Òru ni Òkété ń lọ sétí ìsun. Ọ̀sán ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń lọ. Wọn kì í pàdé láéláé. Òwàwà bẹ̀ wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n, títí wọ́n fi gbà láti wá ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ dé, ó ń yán. Òkété dé, ó ń nu ìpin ojú. Ọ̀yà dé, ó ń nu ẹnu, ohun tó sì ń nù kúrò kò jọ ewé.

"Ta ni yóò kì yín?" ni Ẹfọ̀n béèrè.

"Èmi!" ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Baálé Òkété bínú. "Èmi ni mo ni awẹ́ méjì. Èmi ni màá kọ́kọ́ kì í. Iwájú rẹ̀ ni tèmi, láti imú dé ìdodo."

"Ta ló fún ọ ní iwájú?" ni Ọ̀yà wí. "Ẹnu tó ń jẹ ewé, ẹnu ilé wa ni."

"Ẹ̀yìn ni kí ẹ fún Ọ̀kẹ́rẹ́," ni Òkété wí. "Òun ló mọ ìrù lò."

"Ìrù wo?" Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè. Oorun ti dá lójú rẹ̀. "Ẹ yí i wò! Kò ní ìrù! Nínú gbogbo ara, ibi tí kò sí ni ẹ pín fún mi? Ta ló jẹ ìrù mi?"

Ìjà bẹ́. Òkété di Ọ̀yà mú létí, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń fò lórí àwọn méjèèjì, ó ń béèrè ìrù rẹ̀. Ẹfọ̀n gbìyànjú láti gbọ́ oríkì kan tó pé, kò gbọ́.

"Ó tó," ló wí níkẹyìn. "Oríkì àbọ̀, kí ni màá fi ṣe? Ṣé kí ó fi ètè òkè nìkan mumi ni? Ẹ lọ parí ìjà yín, kí ẹ padà wá lọ́la."

Àríyikẹ́ kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Bàbá Ẹfọ̀n, mo bẹ̀ yín. Ọmọ yìí kò ní rí ọ̀la."

Ẹfọ̀n wo omi. Ó wo ọmọ. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ro tó sínú ìsun. "Ta ni yóò kì yín?" ló tún béèrè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà dárúkọ ẹnì kan.

Ìgbà náà ni Ìwọ la ẹnu.

"Wàá."

"Ṣíì!" ni Òkété wí. "Èèwọ̀!"

"Wàá! Wàáà!"

"Ẹ pa á lẹ́nu mọ́!"

"Wàáàà! Wàáàààà!"

Ohùn náà ń gòkè, ó ń gòkè, èyí tó tẹ̀lé e ju èyí tó ṣáájú lọ, àfi bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀. Ewé gbígbẹ ń já bọ́. Òwàwà di etí. Kò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìdílé òun. Nígbà tí ohùn náà dé òkè téńté, ó dúró. Gbogbo igbó parọ́rọ́.

Láti ọ̀nà jíjìn, nǹkan kan dáhùn. "Fuuuuùn!"

Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Òkété wá ihò kan, ó wọ̀ ọ́ láìbéèrè oníhò. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ọ̀yà sá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àríyikẹ́ nìkan ni kò dìde, nítorí kò ní agbára mọ́, Òwàwà sì dúró tì í. Igbó là sí méjì, Ìyá Erin jáde síta pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Odò tiwọn ti gbẹ níbi tó jìnnà, omi ni wọ́n ń wá kiri.

Ẹfọ̀n ṣe gírí. "Ta ni yóò kì..." Ó gbójú sókè. Ó tún gbé e sókè sí i. "Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá."

"Ta ló pè wá?" ni Ìyá Erin béèrè. "Mo gbọ́ igbe ilé wa."

Ẹfọ̀n na ìwo sí ọmọ náà.

"Ọmọ ta ni?"

Òwàwà ní, "Ìyá àgbà, awẹ́ méjì Òkété ni, awẹ́ kan Ọ̀kẹ́rẹ́, awẹ́ kan..."

"Mo ní ọmọ ta ni, mi ò ní kí o ka obì fún mi."

Ìwọ kò bẹ̀rù. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Ìyá Erin fi ọwọ́jà rẹ̀, imú gígùn tó ń lò bí ọwọ́, gbé ọmọ náà dé iwájú ojú. Ó wo eyín rẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó wo tirẹ̀. Ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó wo èékánná rẹ̀, ó wo tirẹ̀.

"Ìyàwó, oyún ọmọ yìí ńkọ́?"

"Ìyá, ó pẹ́ débi pé wọ́n ní òkúta ni mo gbé mì."

Ìyá Erin bú sẹ́rìn-ín, omi ìsun fò sókè. "Òkúta! Tèmi, odidi àpáta ni wọ́n pè é!" Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Lọ́dún àgbàrá ńlá, omi kó àwọn ìbátan wa kéékèèké lọ. A rin etí odò títí a fi dé ibi tó parí sí. A pè, a pè. A rò pé wọ́n ti kú ni." Ó fi orí kan orí Òwàwà, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí wọ́n wá Asín. Wọ́n bá a lábẹ́ ewé kan, ó gbé igbá rẹ̀ dé orí.

"Irun ilé wa dà nínú igbá rẹ?"

"Ìyá, mo wá sílé yín lóòótọ́. Bí mo ṣe dé, mo rí nǹkan kan fìrí..."

Àwọn ẹranko tó sá pamọ́ gbàgbé pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹ̀rín sọ lábẹ́ gbogbo igi. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí! Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin.

"Kí gan-an lo rí?"

"Àtẹ́lẹsẹ̀ ni, Ìyá. Ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí mi. N kò dúró gba irun mọ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún wọn pé igbá rẹ kò pé?"

Asín wo ilẹ̀. "Mo rò pé ẹni tó kéré tó báyìí kò lè jẹ́ ti ẹni tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìyá, mo jẹ̀bi."

Ìyá Erin fa irun kan nínú ìrù rẹ̀, ó fún un. Asín gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Òwàwà. Fíìn, fíìn, fíìn. Ojú rẹ̀ là. "Ó jọ ọ́!" ló kígbe. "Ó jọ ọ́ ju ti gbogbo wọn lọ!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ẹfọ̀n súnmọ́ wọn, ó ń rẹ́rìn-ín láti ìwo kan dé ìkejì. "Ta ni yóò kì yín?"

"Èmi ni," ni Ìyá Erin wí.

"Òwàwà, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ wúwo tí ń rìn jẹ́ẹ́,
ọmọ a-gbóyún-pẹ́ bí ire,
kékeré ilé ńlá, eléyín tí kò tọrọ eyín.
Omi ló gbé ọ lọ lọ́jọ́ kìíní,
òǹgbẹ omi ló mú ọ padà wá.
Máa wọlé, ilé ò kún."

Òwàwà tí kò gbọ́ oríkì ara rẹ̀ rí wó lulẹ̀ gbì. Àríyikẹ́ kò dúró. Ó ti bu omi, ó ti gbé e sẹ́nu ọmọ. Ọmọ náà mu, ó mu, ó sinmi, ó tún mu. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ: Ẹkúndayọ̀.

Nígbà tí ara balẹ̀, Òwàwà rọra béèrè pé, "Ìyá àgbà, ṣé mo wá lè jẹ iṣu báyìí?"

Òkété yọ orí nínú ihò. Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ orí lórí igi. Ọ̀yà yọ orí nínú koríko. "Ọwọ́ kan ilẹ̀!" ni wọ́n wí. Ìgbà kìíní nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu láti ìgbà tí ọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Erin mi orí. "Èèwọ̀ tí a fọwọ́ kan ilẹ̀ gbà, bí mo ti tóbi tó yìí, n kò lè gbé e. Ẹ máa gbé ihò orí igi yín, ẹ máa jáde lálẹ́, ẹ máa jẹ ewé. Ṣùgbọ́n èyí tó ní kí ẹ má gbé ohùn sókè, Ẹkúndayọ̀ ti fọ́ ọ, ohun tó fọ́ ti fọ́. Nílé tiwa, ẹni tí kò bá lè kígbe, a kì í rí i bó bá sọnù. Bí oòrùn bá wọ̀, ẹ pè wá. Níbikíbi tí a bá wà, a ó dá yín lóhùn."

Láti ọjọ́ náà ni Òwàwà ti ń gbé inú ihò igi, tí kì í rìn lọ́sàn-án, tó sì ń jẹ ewé, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Asín ti ń na imú kiri tí imú náà kò sinmi. Irun ìdílé tí kò tíì sí nínú igbá rẹ̀ ló ń wá. Bí ẹ bá rí i, ẹ fún un ní ẹyọ kan.

Láti ọjọ́ náà sì ni Òwàwà ti ń ké lórí igi bí ilẹ̀ bá ṣú. Erin kò pọ̀ mọ́ nínú igbó wa, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un? Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ fọkàn sí i. Ohùn rẹ̀ á máa gòkè, á máa gòkè, á wá dákẹ́ lójijì. Àwọn kan ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Kò rẹ̀ ẹ́ o. Ó ń tẹ́tí ni.